Mánéèjì

Ọ̀rọ̀ kan ń gbé ilé wa ní Òkè-Ìjẹ̀bú, nílùú Àkúrẹ́,
kò sanwó ilé, kò sì kó jáde.
Bàbá mi ló mú un wálé, Tíṣà Fágbùyì,
tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì.
Ìyá mi ló ń bọ́ ọ.

"Ẹ mánéèjì ẹ̀," ni ìyá mi máa ń wí
bó bá pín orí ẹja kan sí ọ̀nà mẹ́fà,
tí ojú ẹja bọ́ sọ́wọ́ èmi àbígbẹ̀yìn,
tó ń wò mí nínú abọ́ bí ẹni pé èmi ni mo pa á.
"Ẹ mánéèjì ẹ̀," ni onílé wí nígbà tí páànù ń jò;
a gbé báfù sábẹ́ ẹ̀, a gbé ike, a gbé ìkòkò,
òjò ń kà wá lóru bí ẹni ń ka owó onílé.
Ìjọba náà wí i. Owó oṣù dé ní ààbọ̀,
ààbọ̀ kejì wà lójú ọ̀nà. Ó ṣì wà lójú ọ̀nà dòní.
Bẹ́ẹ̀ láti Alágbàká sí ọ̀dọ̀ wa
kò ju ọ̀kadà kan lọ.

Lọ́jọ́ kan mo bi bàbá mi: kí tilẹ̀ ni ìtumọ̀ ẹ̀?
Inú rẹ̀ dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní ìbéèrè.
Ó gbé ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù,
èyí tí ikán ti jẹ iwájú rẹ̀ dé lẹ́tà D
(láti ìgbà náà, ó ní, ọ̀rọ̀ tó bá fi A bẹ̀rẹ̀,
òun kàn ń fojú dá a ni).

"Ọwọ́ ni," ló wí. "Ọwọ́ lásán ni tẹ́lẹ̀.
Ará Róòmù ló ń pe ọwọ́ bẹ́ẹ̀.
Nígbà tó dé ẹnu àwọn ará Ítálì,
ó di ọwọ́ tó mú ìjánu, tó ń kọ́ ẹṣin ní ìrìn.
Gẹ̀ẹ́sì yá a lọ́wọ́ wọn, ó gùn ún wọ ọ́fíìsì,
ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó di mánígà báńkì."
Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.
"Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà máa dé Àkúrẹ́,
ẹṣin ti kú sọ́nà. Ẹsẹ̀ ló fi wọ̀lú."

Ìyá mi gbọ́ látinú ilé ìdáná.
"Ẹṣin kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìwé yẹn dáadáa,
kí ni wọ́n ń fún ẹṣin náà jẹ
lóṣù tí owó ò bá wọlé?"
Bàbá mi ṣí ìwé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn.
Kò sí níbẹ̀.

Mo tún bi ìyá àgbà, nígbà tí mo lọ kí i ní Oǹdó,
pé kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, kí lẹ ń pè é?
Ó ń yọ kòkó gbígbẹ nínú ìdọ̀tí, kò gbójú sókè.
"A kì í pè é. A ń ṣe é ni."

Lọ́dún tó kọjá, dókítà kan, ọmọdé lásán,
wo egbò ẹsẹ̀ bàbá mi tó kọ̀ tí kò san,
ó wo ìwé ìtọ̀ ṣúgà, ó rẹ ohùn sílẹ̀:
a ò lè wò ó tán, Bàbá, a ó kàn máa mánéèjì ẹ̀.
Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi:
"Ìlò kẹrin. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀, sẹ́yìn káàdì ọsibítù.

Ní báyìí, èmi ni mo ń wẹ egbò náà nírọ̀lẹ́.
Omi iyọ̀ á kàn án, kò ní ké, tíṣà ni.
Á kàn gbá ọrùn ọwọ́ mi mú,
á fà á, á dẹ̀ ẹ́, á tún fà á.
Mi ò gun ẹṣin rí láyé mi.
Mi ò mọ èwo nínú àwa méjèèjì
ni ìjánu wà lẹ́nu rẹ̀.